Kòkó ẹ̀gbọ́n mi àti iléèwé ọ̀fẹ́ ọdún 1955: kí ni Locke, Marx, Burke àti Hayek ìbá sọ sí i?

Ọmọ Akànrán (olùdásílẹ̀ ìjíròrò)

Ẹ̀yin ará wa, mo kí yín. Ní ìpàdé ẹbí wa ní Ọjà'ba lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ wa kan tó ń kọ́ nípa ètò òṣèlú ní yunifásítì bi àwa àgbà léèrè pé ṣé sóṣálíìsì (ẹni tó fẹ́ kí ọrọ̀ jẹ́ ti gbogbo àwùjọ) ni Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àbí kápítálíìsì (ẹni tó fẹ́ kí ó wà lọ́wọ́ aládàáni). Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, ẹnu sì ti ń yún mi láti dáhùn, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ mi lẹ́nu. Ó ní, "Èmi kò mọ orúkọ tí ẹ fẹ́ pè é o. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kòkó tí mo fi orí rù ni wọ́n fi kọ́ àbúrò mi yìí níwèé, ẹnikẹ́ni kò sì bi mí bóyá mo fẹ́." Gbogbo ilé pa lọ́lọ́.

Kí ẹ lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá: ọjọ́ 17 oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 1955 ni ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ ti ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí. Wọ́n ní kí n gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá, ó kan etí òsì, ni wọ́n bá kọ orúkọ mi. Ẹ̀gbọ́n mi ti pé ọmọ ọdún méjìlá nígbà náà. Bàbá wa ní òun kò lè yọ̀ǹda gbogbo ọwọ́ tó ń bá òun ṣiṣẹ́ lóko lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí náà ẹ̀gbọ́n mi dúró sí Akànrán. Òun ló ń bá bàbá fọ́ kòkó, tó ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún ọjọ́ mélòó kan, tó ń sá a sórí ẹní, tó sì ń ru àpò rẹ̀ lọ sí ìsọ̀ alágbàtà, níbi tí wọ́n ti máa ń fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó gún àpò náà nínú láti yọ hóró díẹ̀ wò kí wọ́n tó gbé e sórí òṣùwọ̀n.

Alágbàtà kọ́ ló ń dá iye lé kòkó. Máàkẹ́tìn Bọ́ọ̀dù ti ìjọba nìkan ni òfin fún láṣẹ láti tà á sí òkè òkun. Òun ló ń kéde iye tí àgbẹ̀ yóò gbà kí ọdún kòkó tó bẹ̀rẹ̀, èlé tó bá sì wà láàárín iye yẹn àti iye tí wọ́n tà á lóhùn-ún, ọwọ́ bọ́ọ̀dù ló ń wà. Wọ́n ní nítorí ọdún tí ọjà bá wó ni. Ṣùgbọ́n nínú irú owó bẹ́ẹ̀, àti nínú owó orí àti owó ibodè lórí kòkó, ni ìjọba ti rí èyí tó ná sórí iṣẹ́ ìdàgbàsókè, títí kan ilé alájà 26 tó wà ní Dùgbẹ̀ dòní, èyí tí wọ́n parí ní 1965.

Ìbéèrè mi ni pé nínú àwọn ìlànà òṣèlú tí ayé ń tẹ̀ lé, èwo ló dá ẹ̀gbọ́n mi láre, èwo ló dá mi láre? Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe kí ẹ kàn to orúkọ àwọn onímọ̀ sílẹ̀ fún mi. Ẹ gbé wọn sórí òṣùwọ̀n kòkó yìí lọ́kọ̀ọ̀kan.

Agbẹjọ́rò Àgbowó

Ẹ kú àgbà, sà. Ọ̀rọ̀ John Locke gan-an ni ẹ̀gbọ́n yín sọ láìka ìwé rẹ̀. Nínú ìwé tí Gẹ̀ẹ́sì náà gbé jáde ní 1689, ó ní ara ẹni ni ohun tí ènìyàn kọ́kọ́ ní. Ẹni tó bá sì da òógùn rẹ̀ mọ́ ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní, ohun tó bá ti ibẹ̀ jáde di tirẹ̀, bí ó bá ṣáà ti fi èyí tó tó, tó sì dára bákan náà, sílẹ̀ fún àwọn yòókù. Ìjọba kò sì gbọdọ̀ mú nǹkan ẹni àfi bí àwọn tó ni ín bá fọwọ́ sí i, yálà fúnra wọn tàbí láti ẹnu aṣojú tí wọ́n yàn. Nítorí náà, Locke kò ní béèrè bóyá iléèwé dára. Yóò béèrè pé ta ló fọwọ́ sí i. Ìdáhùn rẹ̀ kò sì gún régé: nínú ìdìbò àpapọ̀ ọdún 1954, Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ (Action Group ti Awólọ́wọ̀) fìdí rẹmi fún NCNC, ẹgbẹ́ Alákùkọ, nínú ẹkùn tí òun fúnra rẹ̀ ń ṣàkóso, inú tó sì ń bí àwọn ènìyàn sí owó orí tuntun wà lára ohun tó fà á. Ní 1956, nígbà tí wọ́n dìbò sílé ìgbìmọ̀ ẹkùn, àwọn olùdìbò kan náà dá wọn padà. Ìfọwọ́sí tó dé lẹ́yìn tí wọ́n ti ná owó ni, ṣùgbọ́n ìfọwọ́sí ni. (Locke yìí kan náà ní ìpín nínú iléeṣẹ́ tó ń kó àwọn baba ńlá wa lẹ́rú. Ẹni tó kọ̀wé pé ara ẹni ni tẹni kò rò wá mọ́ ọn.)

Ti Adam Smith, ọmọ Sikọ́tílándì, ni ó máa ń yà mí lẹ́nu jù. Gbogbo ènìyàn ló rántí iléeṣẹ́ pín-ìn-nì inú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1776, níbi tí ọkùnrin mẹ́wàá ti pín iṣẹ́ mọ́ra wọn lọ́wọ́, tí wọ́n sì ń ṣe 48,000 pín-ìn-nì lóòjọ́. Ṣùgbọ́n díẹ̀ ló ka ìwé náà débi tó ti sọ pé ẹni tó bá fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe iṣẹ́ kan tàbí méjì péré yóò ya òpè, ó sì yẹ kí ìjọba dá sí i kí ọmọ tálákà lè mọ̀ ọ́n kà, kí ó mọ̀ ọ́n kọ, kí ó sì mọ ìṣirò. Ohun tí kò fẹ́ ni kí ìjọba dá owó tíṣà san pátápátá. Ó ní kí òbí san díẹ̀ níbẹ̀, kí tíṣà má baà di ọ̀lẹ.

John Stuart Mill ló kù nínú àwọn líbẹ́ráli mi, ìyẹn àwọn tó ń gbèjà òmìnira ẹni. Ní 1859, ó kọ̀wé pé ohun kan ṣoṣo tó lè mú kí àwùjọ fi agbára dá ènìyàn dúró ni kí ó má baà pa ẹlòmíràn lára. Ẹ rántí pé ní ìparí àwọn ọdún 1940, ìjọba amúnisìn rán àwọn ènìyàn wọ oko agbègbè Ìbàdàn yìí láti gé igi kòkó tí àrùn ẹ̀ka wíwú mú, àwọn àgbẹ̀ sì fárígá. Mill ìbá gbè sẹ́yìn àwọn tó ń gé e, nítorí àwọn kòkòrò kéékèèké ló ń gbé àrùn náà láti igi tèmi sí igi tìrẹ. Ní ti iléèwé, ó ní òbí tó bá bímọ tí kò kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́ ṣẹ ọmọ náà, ó sì ṣẹ àwùjọ. Kí ìjọba fi dandan lé e, kí ó sì bá ẹni tí kò ní lọ́wọ́ san owó rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe kó gbogbo ọmọ sínú iléèwé ìjọba nìkan, nítorí irú iléèwé bẹ́ẹ̀ yóò máa rọ wọ́n bí ẹni rọ amọ̀ sínú àpótí kan náà. Nítorí náà, sà, ẹ má bínú: Mill kò ní dá ẹ̀gbọ́n yín lẹ́bi, kò sì ní dá yín lẹ́bi. Bàbá yín ni yóò mú, nítorí ó fi ọmọ kan sílẹ̀ lóko.

Òṣìṣẹ́ Mọ́kọ́lá

Agbẹjọ́rò ti ṣe tirẹ̀, ó kù sí tèmi. Karl Marx, tí wọ́n bí sí ìlú Trier ní Jámánì ní 1818, tó sì kú sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1883, kọ ìwé kékeré kan pẹ̀lú Friedrich Engels ní 1848, wọ́n to ohun mẹ́wàá síbẹ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ yóò ṣe bí wọ́n bá gba ìjọba. Ìkẹwàá wọn ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún gbogbo ọmọ. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dúró sí tí wọ́n á fi sọ pé Awólọ́wọ̀ ti di kọ́múníìsì. Ẹ jẹ́ kí á tẹ̀ síwájú díẹ̀. Ní 1875, Marx gbé ẹ̀gàn ka ìlànà tí àwọn sóṣálíìsì Jámánì kọ sílẹ̀. Ó ní èèwọ̀ ni kí ìjọba di olùkọ́ àwọn ènìyàn, àti pé níbi tí iléèwé gíga bá ti di ọ̀fẹ́, ohun tó túmọ̀ sí ni pé inú owó orí gbogbo ènìyàn ni wọ́n ti ń san owó ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ olówó. Ẹ gbé ìyẹn wá sí Ìbàdàn, kí ẹ sì rò ó wò: mélòó nínú àwọn tó lo owó kòkó dé yunifásítì ló padà sí Akànrán?

Ṣùgbọ́n ibi tí Marx ti mú lójú jù lọ ni ọ̀rọ̀ àlékún iye, ìyẹn ni pé òṣìṣẹ́ a máa fi iṣẹ́ rẹ̀ pèsè ju ohun tí wọ́n san fún un lọ, ẹni tó ni irinṣẹ́ ni yóò sì kó èyí tó lé. Ó rọrùn láti sọ pé ẹ̀gbọ́n ni òṣìṣẹ́, bọ́ọ̀dù sì ni ọ̀gá. Mo fẹ́ bi Bàbá léèrè tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀: ṣé ẹ̀yin ọmọ nìkan lẹ ń ṣiṣẹ́ ní oko yẹn?

Ìjà ẹ̀gbọ́n àti àbúrò yìí sì ti ṣẹlẹ̀ rí láàárín àwọn Kọ́múníìsì fúnra wọn. Lẹ́yìn tí Lenin gba ìjọba Rọ́ṣíà ní 1917, wọ́n ń fi ipá kó ọkà àwọn àgbẹ̀. Ní 1921 wọ́n dá a dúró, wọ́n ní kí àgbẹ̀ san owó orí rẹ̀, kí ó sì ta ìyókù fúnra rẹ̀. Nígbà tó yá, Preobrazhensky, onímọ̀ ọrọ̀ ajé kan nínú wọn, ní orílẹ̀-èdè tí kò ní iléeṣẹ́ ńlá kò ní ibòmíràn tí yóò ti rí owó kọ́ ọ bí kò ṣe lára àgbẹ̀, kí ìjọba sì máa ra ọjà rẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú, kí ó máa ta ọjà iléeṣẹ́ fún un ní ọ̀wọ́n. Bukharin, aṣáájú mìíràn nínú wọn, ní rárá, ẹ jẹ́ kí àgbẹ̀ lówó, iléeṣẹ́ yóò rí oníbàárà. Bí ẹ bá yọ Rọ́ṣíà kúrò tí ẹ fi kòkó síbẹ̀, Máàkẹ́tìn Bọ́ọ̀dù ni Preobrazhensky ń sọ. Stalin, tó gba ipò lẹ́yìn Lenin, pa àwọn méjèèjì, ọ̀kan ní 1937, èkejì ní 1938, lẹ́yìn tó ti lé àwọn àgbẹ̀ sínú oko àjùmọ̀ní. Bọ́ọ̀dù tiwa kò yìnbọn fún ẹnikẹ́ni, mo gbà. Ìṣirò tó wà nídìí ẹ̀ ni mo ń sọ.

Ọmọ Akànrán

Òṣìṣẹ́, o ti bá mi níbi tí n kò rò. Bẹ́ẹ̀ ni o, a ní àgbàṣe. Àwọn ọkùnrin Ìgbìrà méjì wà tí wọ́n ń gbé inú ahéré lẹ́yìn odò, tí wọ́n ń roko, tí wọ́n ń gun igi ká kòkó, tí bàbá sì ń san owó wọn ní ìparí ọdún lẹ́yìn tí ó bá ti tà. Ní ọdún tí ọjà kò bá dára, ó máa ń rọ̀ wọ́n kí wọ́n gba àbọ̀. Ọ̀kan ń jẹ́ kí n gun èjìká rẹ̀. N kò mọ̀ bóyá ó bímọ, n kò sì mọ̀ bóyá ọmọ rẹ̀ lọ síléèwé.

Oníṣòwò Gbági

Mo ń ta aṣọ, n kì í ṣe ọ̀mọ̀wé, ṣùgbọ́n mo ń kàwé. Ẹ ti fi ẹni tó sọ̀rọ̀ kòkó wa gan-an sílẹ̀. Peter Bauer, onímọ̀ ọrọ̀ ajé tí wọ́n bí sí Hungary, tẹ ìwé kan jáde ní 1954 lórí òwò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó sì sọ ọ́ ketekete nínú rẹ̀ pé owó orí tó wúwo ni àwọn bọ́ọ̀dù wọ̀nyí ń gbà lọ́wọ́ àgbẹ̀ lábẹ́ orúkọ ààbò, èyí sì ń jẹ́ kí ó rẹ àgbẹ̀ láti gbin tuntun. Ọdún 1954 ni o, kí iléèwé ọ̀fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Friedrich Hayek ni baba irú èrò bẹ́ẹ̀. Ó kọ ìwé kan ní 1944 láti kìlọ̀ pé ìjọba tó bá fẹ́ ṣètò gbogbo ọrọ̀ ajé láti orí tábìlì kan yóò bá ara rẹ̀ níbi tó ti ń pàṣẹ fún gbogbo ayé ènìyàn. Ní 1945, ó kọ èyí tí èmi fẹ́ràn jù, pé ìmọ̀ tó wúlò nínú ọjà kò sí lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Ọ̀dọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló fọ́n ká sí, iye owó ọjà sì ni ìránṣẹ́ tó ń bá gbogbo wọn jẹ́ iṣẹ́. Bí àdìrẹ bá gbówó lórí ní Gbági láàárọ̀, kò sẹ́ni tó pe ìpàdé. Kí ó tó di ọjọ́ kẹta, àwọn aláró Abẹ́òkúta ti mọ̀. Ẹni tó bá ti kéde iye kòkó kí ọdún tó bẹ̀rẹ̀, ó ti di ìránṣẹ́ yẹn lẹ́nu. (Ẹ gbọ́ èyí: Hayek àti Gunnar Myrdal, sóṣálíìsì ará Sweden, ni wọ́n jọ pín ẹ̀bùn Nobel ọdún 1974. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n fún Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ àti ẹgbẹ́ Alákùkọ ní ife ẹ̀yẹ kan ṣoṣo.)

Ní ọdún 1955 gan-an ni Milton Friedman, ará Amẹ́ríkà, kọ̀wé pé kí ìjọba san owó ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n kí ó fi ìwé owó lé òbí lọ́wọ́, kí òbí fi yan iléèwé tó wù ú. Nítorí náà, àwọn ọlọ́jà pàápàá kò sọ pé kí ọmọ tálákà má kàwé.

Mo gbọ́dọ̀ sọ òdìkejì rẹ̀ náà, nítorí kì í ṣe ìpolówó ni mo wá ṣe. Wọ́n fagi lé àwọn bọ́ọ̀dù náà ní 1986. Owó kòkó lọ sókè, àwọn àgbẹ̀ jó. Ṣùgbọ́n àwọn olùrà tuntun kò bìkítà bí kòkó bá gbẹ tàbí kò gbẹ, orúkọ kòkó wa sì bàjẹ́ lọ́jà àgbáyé. Ọjà ń jẹ́ iṣẹ́ lóòótọ́. Nígbà mìíràn, ọ̀rọ̀ àwọn jẹgúdújẹrá ló ń jẹ́.

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́

Mo ti ka gbogbo rẹ̀, mo sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n, àbúrò, bàbá, àgbàṣe, ọkùnrin ni gbogbo wọn. Ta ló ń pọnmi sí oko kòkó yẹn? Ta ló jókòó ti ẹní tí wọ́n sá kòkó sí, tó ń dà á síwá sẹ́yìn, tó ń sáré kó o nígbà tí òjò bá ṣú? Bí òógùn bá sọ nǹkan di tẹni gẹ́gẹ́ bí Locke ti wí, ìyá yín ní ìpín nínú àpò yẹn. Mélòó ni wọ́n fún un? Ní tiwa, aṣọ kan lọ́dún ni, bàbá á sì ní òun fi ta wá lọ́rẹ.

Mary Wollstonecraft, obìnrin òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ ní 1792 pé kí ìjọba dá iléèwé ojúmọmọ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ láti ọdún márùn-ún sí mẹ́sàn-án, lọ́fẹ̀ẹ́, olówó àti tálákà, ọkùnrin àti obìnrin lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Ó fi ọdún 56 ṣíwájú Marx. Ẹnikẹ́ni nínú yín kò dárúkọ rẹ̀. Ní ti owó orí láìgba ìmọ̀ràn, ẹ lọ bi àwọn obìnrin Abẹ́òkúta tí Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kó jọ, tí wọ́n fi orin àti ìjókòó lé Aláké kúrò lórí ìtẹ́ ní 1949. Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n sọ ní ìpàdé ẹbí yẹn, àwọn ti sọ ọ́ síwájú ààfin.

Ọmọ Mọ́gàjí

Ẹ kú ìjókòó o. Èmi yóò sọ̀rọ̀ fún àwọn tí ẹ máa ń pè ní aṣọ́-àṣà. Edmund Burke, tí wọ́n bí sí Dublin ní 1729, kọ ìwé lórí ìdìtẹ̀ ilẹ̀ Faransé ní 1790. Ó ní àdéhùn ni àwùjọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí àdéhùn òwò ata. Àárín àwọn tó wà láyé, àwọn tó ti kú, àti àwọn tí a kò tíì bí ni. Ọmọ Ìbàdàn kò nílò kí Burke sọ èyí fún un. A kì í bí ẹnikẹ́ni sórí oyè Olúbàdàn. Ìlà méjì ló wà, ìlà Ọ̀tún àti ìlà Balógun, àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan sì lé ní ogún, ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ ni yóò máa gùn ún títí ẹ̀mí yóò fi gbé e débẹ̀. Kò sẹ́ni tó jókòó sórí tábìlì lọ́jọ́ kan tó yà á sórí ìwé. Nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ fi adé sí àwọn ìjòyè àgbà lórí ní 2017, ẹ rí ẹjọ́ tó tẹ̀ lé e.

Ní ti kòkó, Burke kì í kọ ìyípadà. Ohun tó ń kọ̀ ni ìyípadà òjijì tí wọ́n bá fi àlá ṣe. Ẹ wo ẹkùn Ìlà-Oòrùn: wọ́n bẹ̀rẹ̀ iléèwé ọ̀fẹ́ tiwọn ní 1957, nígbà tó fi máa di ọdún kejì wọ́n ti dá owó iléèwé padà, àwọn obìnrin sì yọ sígboro. Ní ọ̀dọ̀ wa, Awókọ́yà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, ti gbé àbá náà kalẹ̀ ní 1952, ó lé ní ọdún méjì tí wọ́n fi múra. Mo rò pé ìmúra yẹn, kì í ṣe sóṣálísíìmù, ló gba ètò náà là.

Ọ̀dọ́ Ṣángo

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin àgbà, ẹ kò sọ nípa fáṣísíìmù. Ṣé ìjọba tó jẹ́ òun nìkan ló lè ra kòkó kò sún mọ́ ọn?

Òṣìṣẹ́ Mọ́kọ́lá

Rárá, àbúrò. Mussolini, tó gba ìjọba Ítálì ní 1922, ti jẹ́ sóṣálíìsì rí kí wọ́n tó lé e kúrò nínú ẹgbẹ́ wọn ní 1914. Òun àti Giovanni Gentile, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Ítálì, ló kọ àlàyé fáṣísíìmù sílẹ̀ ní 1932, kókó rẹ̀ sì ni pé inú ìjọba ni ohun gbogbo wà, kò sí nǹkan lẹ́yìn rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó gbọdọ̀ lòdì sí i. Hitler fọ́ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ túútúú ní oṣù Èbìbì 1933, kò tíì ju oṣù mẹ́rin lọ lórí àlééfà. Àgbẹ̀ Akànrán lè dìbò fún Adélabú, aṣáájú NCNC ní Ìbàdàn, àti ẹgbẹ́ Alákùkọ rẹ̀, wọ́n sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní Ìbàdàn yìí lójú Ọlọ́pẹ. Iye rírà kọ́ ni àmì fáṣísíìmù. Ẹnu dídì ni.

Olùkọ́ Apẹ́tẹ́

Mo ti ń retí kí ẹnì kan dáhùn ìbéèrè ọmọ yẹn, nítorí náà èmi yóò dáhùn. Lọ́dún 1962, ní àpérò Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ní Jọ́ọ̀sì, sóṣálísíìmù tí a gbé ka ìjọba tiwa-n-tiwa ni wọ́n fọwọ́ sí, ọ̀rọ̀ náà sì wà lára ohun tó pín Awólọ́wọ̀ àti Akíntọ́lá níyà. Orísun rẹ̀ kì í ṣe Lenin. Ẹ wá a lọ sọ́dọ̀ àwọn Fabian, àwọn sóṣálíìsì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ ní 1884, àti Eduard Bernstein, ará Jámánì tó kọ̀wé ní 1899 pé àsọtẹ́lẹ̀ Marx kò ṣẹ bó ṣe wí, àti pé ìdìbò, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti òfin lè mú ohun rere dé díẹ̀díẹ̀ láìsí ìdìtẹ̀. Kí ilé ìtajà wà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Kí ìjọba gba owó orí, kí ó fi kọ́ ọmọ, kí ó fi wo aláìsàn. Ìlà tí Awólọ́wọ̀ tọ̀ nìyẹn.

Èwo ló wá jàre? John Rawls, ará Amẹ́ríkà, fi ọ̀nà kan lélẹ̀ ní 1971 tó bá ilé yín mu rẹ́gí. Ẹ jẹ́ kí á fi aṣọ bo ẹ̀yin méjèèjì lójú kí wọ́n tó bí yín, kí ẹ má mọ ẹni tí yóò jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà ní 1955 àti ẹni tí yóò jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá. Ètò wo ni ẹ ó fọwọ́ sí? Rawls ní ẹ ó gba kí nǹkan má dọ́gba bí ó bá ṣe pé ẹni tó wà nísàlẹ̀ pátápátá yóò jèrè nínú rẹ̀. Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí àwa tí a fẹ́ràn ètò yẹn fara balẹ̀. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ kọ́ ni ọmọ tó wọlé sí kíláàsì. Ọmọ tó dúró sóko ni, ẹni tó ń san owó ohun tí kò ní rí gbà. Bí wọn kò bá dá nǹkan padà fún un, Rawls gan-an kò ní gbà fún wa. Ní ọdún mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, Robert Nozick, ará Amẹ́ríkà mìíràn, tilẹ̀ ní owó orí lórí òógùn ènìyàn kò yàtọ̀ sí iṣẹ́ tipátipá. Ìyẹn ti pọ̀ jù fún mi, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n yín lè fẹ́ràn rẹ̀.

Ará Ẹgbẹ́dá

Kí ẹ tó fún ẹ̀gbọ́n ní Nozick, ẹ rántí Agbẹ̀kọ̀yà. Ní 1968 sí 1969, àwọn àgbẹ̀ láti Akànrán títí dé ìhà tiwa dìde sí owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ olówó àti tálákà ní iye kan náà, wọ́n fọ́ ẹ̀wọ̀n Agódi, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn wọn jáde. Mo ti ka ibi tí wọ́n ti fi wọ́n wé Bakunin àti àwọn tí kò fẹ́ ìjọba rárá. N kò gbà. Ẹ tẹ́tí sí orin wọn: "Òkẹ́ mẹ́fà la ó san." Ọgbọ̀n sílè ni òkẹ́ mẹ́fà. Ẹni tí kò fẹ́ ìjọba kì í dá iye tí yóò san. Wọ́n ń sọ pé àwọn yóò san, ṣùgbọ́n àwọn náà yóò wà níbi tí wọ́n bá ti ń ka iye.

Ẹlòmíràn yóò ní kí á padà sí àáró, pé sóṣálísíìmù ìbílẹ̀ wa nìyẹn, gẹ́gẹ́ bí Ààrẹ Julius Nyerere ti fi Ujamaa, ètò ìgbé ayé àjùmọ̀ní bí ẹbí, kọ́ Tàǹsáníà lẹ́yìn ìkéde Arusha ọdún 1967. Mo ti bá wọn ṣe àáró. Bí o bá ro oko mi lónìí, n óò ro tìrẹ lọ́la, bí o kò bá sì wá, n kò ní wá. Ìdí tó fi ń ṣiṣẹ́ ni pé olúkúlùkù lè jáde. Láti 1973, nígbà tí ìjọba Nyerere bẹ̀rẹ̀ sí í fi ipá kó àwọn àgbẹ̀ sínú abúlé àjùmọ̀gbé, ó ti kúrò ní àáró.

Ọmọ Akànrán

Mo tẹ gbogbo rẹ̀ sórí ìwé, mo kà á fún ẹ̀gbọ́n mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Ó rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ Locke. Nígbà tí mo dé ibi àwọn àgbàṣe, ó ní kí n dúró, ó dárúkọ àwọn méjèèjì, ó sì ní kí n máa kà á lọ. Ní ti Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́, ó ní òótọ́ ni. Orin Agbẹ̀kọ̀yà, ó kọ ọ́ fún mi, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. N kò mọ̀ títí di ọjọ́ náà pé ó wà láàárín wọn.

Ti aṣọ tí wọ́n fi bo ojú ló mú un ronú jù. Ó ní bí wọ́n bá bo òun lójú bẹ́ẹ̀, òun yóò ṣì ní kí wọ́n kọ́ iléèwé náà, ṣùgbọ́n òun yóò ní kí wọ́n kọ́ ti alẹ́ mọ́ ọn, sí Akànrán, fún àwọn tó ti dàgbà kọjá fífi ọwọ́ kan etí. Lẹ́yìn náà ló béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni nínú yín kò dáhùn: ní ọdún 1955 sí 1960, èló ni wọ́n ń ta tọ́ọ̀nù kòkó kan ní Lọ́ńdọ̀nù, èló sì ni wọ́n ń san fún òun? Ó fẹ́ rí i lójú ìwé.

Agbẹjọ́rò Àgbowó

Ilé ìkówèésí ìtàn ìjọba tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn ni kí ẹ wá, sà, ibẹ̀ ni ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá àkọsílẹ̀ bọ́ọ̀dù. Mo lè yọ̀ǹda ọjọ́ Ọjọ́rú. Ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ dání, ẹ̀yin méjèèjì, kí ẹ sì wá láàárọ̀ kí oòrùn tó mú. N ó gbé àga kan wá sẹ́nu ọ̀nà fún ẹ̀gbọ́n.